Ọjọ́ Tí N Kò Kúnlẹ̀ Kí Onílé Mi

Ọwọ́ ìyàwó sójà kan ní bárékè Ọ̀jọ́ ni mo ti gba ajá mi. Wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ sí òkè ọya, wọn kò sì rí bí wọ́n ṣe máa kó ajá mọ́ ẹrù. Abo ni. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ajá òyìnbó elétí ṣóńṣó. Bàbá rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé ọmọ àdúgbò ni, nítorí etí kan dúró, èkejì sì wó lulẹ̀. Mo ní kí n kàn bá wọn tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, torí èmi kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kí nǹkan máa tẹ̀lé òun kiri ilé. Ọ̀sẹ̀ kan náà kò tíì parí títí di òní.

Yàrá méjì ni mò ń gbé ní Okokomáíkò, èmi nìkan, láti ìgbà tí ọmọ mi ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ní ọdún tó ṣáájú kí ajá yìí tó dé, àwọn olè fọ́ ilẹ̀kùn mi nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìbà. Wọ́n kó gbogbo ohun tó ṣeé gbé, títí kan ìkòkò ọbẹ̀ tó wà lórí sítóòfù. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti sá fún mi. Bí ológbò bá rìn lórí páànù, mo ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí ajá dé ni mo tó tún sùn bí ènìyàn. Nítorí náà, tí mo bá sọ pé n kò lè jẹ́ kó lọ, ẹ má rò pé mo kàn ń ṣe àṣejù.

Ọ̀rọ̀ lílọ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ onílé wa wá. Àlàájì ni wọ́n, àgbàlagbà ọmọ Ọ̀jọ́ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Àlàájì wọ aṣọ funfun báláú, wọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Èmi ṣí ilẹ̀kùn mi láìwo iwájú láìwo ẹ̀yìn, ajá sáré jáde, ó fò mọ́ wọn láyà. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ẹlẹ́rẹ̀ ni. Bàbá fi ìdí jókòó sínú omi òjò. Wọ́n ní láti padà sílé, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ látòkè délẹ̀, wọ́n sì pẹ́ dé ibi ìrun lọ́jọ́ náà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ títí ohùn mi fi há.

"Mo ti gbọ́," ni Àlàájì wí. "Inú ò bí mi. Ṣùgbọ́n ajá tí kò gbọ́ràn ò lè gbé nílé mi. Wá ibi tó o máa gbé e lọ."

Ó sàn kí wọ́n pariwo mọ́ mi. Ẹni tó bá pariwo, a lè bẹ̀ ẹ́ tí ara rẹ̀ bá rọlẹ̀.

Oníbàárà mi kan ló sọ fún mi nípa sójà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ́ ajá ní pápá kan ní ẹ́sítéètì Ìbà ní àràárọ̀ Sátidé. Ajá ológun ni ọkùnrin náà bá ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, Ọ̀gá ni gbogbo wa sì ń pè é. Lọ́dọọdún, ó máa ń kó àwọn alájá jọ fún ìdíje ìgbọràn: kí ajá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ láìfa okùn, kó dùbúlẹ̀ tí wọ́n bá ní kó dùbúlẹ̀, kó wá tí wọ́n bá pè é, kó sì jókòó sójú kan títí wọ́n á fi tú u sílẹ̀. Ajá tó bá gba àádọ́rin máàkì yóò gba ìwé ẹ̀rí. Mo padà lọ bá Àlàájì, mo bẹ̀ wọ́n fún oṣù mẹ́ta.

"Èmi fúnra mi máa wá wò ó," ni wọ́n wí. "Tó bá gba ìwé, kó máa gbé. Tí ò bá gbà á, ọjọ́ náà ló máa lọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe.

Báyìí ni mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ orí mi. Mo ń ra fùkù lọ́wọ́ àwọn alápatà, mò ń sè é láìfi iyọ̀ sí i, mò ń gé e wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá, torí ẹ̀bùn tí ajá ń jẹ nìyẹn tó bá ṣe dáadáa. Òórùn fùkù kò kúrò ní ìka mi mọ́. Oníbàárà kan tí mò ń wọn àyà rẹ̀ bi mí bóyá mo ti kúrò nídìí aṣọ mo ti bọ́ sídìí ẹran. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbé àga síwájú ilé, n óò máa ṣa eégbọn kúrò ní etí ajá, òun náà á sì tẹ́ orí lé itan mi. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Ajá. Mo bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

N kì í ṣe onísùúrù. Tí mo bá ní "jókòó" lẹ́ẹ̀mejì tí ajá kò jókòó, ìkẹta á ti di ariwo. Ọ̀gá dá mi dúró lọ́jọ́ kan.

"Madam, ta lẹ ń bá jà? Gbogbo estate ti gbọ́ yín, ajá nìkan ni ò gbọ́. Ara yín ló ń wò o, kì í ṣe ẹnu yín. Ẹ calm down."

Mo rò pé ó kàn fẹ́ kí n dákẹ́ ni. Mo rí i pé òótọ́ ni nígbà tí ìdíje ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A wà ní pápá, ajá mi jókòó síwájú mi dáadáa, ni ìyá àgbà kan tó wọ aṣọ àdúrà funfun gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Kí n tó rò ó, mo ti fi orúnkún kan kanlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ mà." Ajá wò mí, ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo ajá tó ń kí àgbà!" Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ tún kúnlẹ̀," ló wí. Mo kúnlẹ̀. Ajá tó ti padà jókòó tún dùbúlẹ̀. "Nígbà tí ẹ ń kọ́ ọ láti dùbúlẹ̀, báwo lẹ ṣe ń fún un ní fùkù?"

Mo rántí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní "dùbúlẹ̀", mo máa ń tẹ orúnkún, n óò fi fùkù sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló kọ́, orúnkún mi ló kọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni n kò lè gba ojú títì kan kọjá láàárín Ìbà àti Okokomáíkò láìtẹ orúnkún fún ẹnì kan. Ìyá mi kò kọ́ mi láti máa nàró kí àgbà.

Ọ̀gá ní ká gbìyànjú láti yí i padà. Mò ń kúnlẹ̀, mò ń fún un ní fùkù tó bá jókòó síbẹ̀. Nínú ilé, ó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ìta, tí èrò bá ti wà, orúnkún ṣì ni ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, Ọ̀gá sọ ojú abẹ níkòó fún mi: "Tí ajá bá ti jókòó, ẹ má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kódà bí gómìnà bá wọlé."

Ní àárọ̀ ìdíje, wọ́n ta kánópì méjì sí etí pápá, wọ́n to àga rọ́bà, wọ́n fi okùn yí àárín ká. Ajá mẹ́fà la jẹ́. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ ní Àlàbá mú ajá kan wá tó tóbi bí ọmọ màlúù. Ajá náà ló ń mú un rìn. Obìnrin kan tó wá láti ìlú mìíràn ni adájọ́, ó mú pátákó ìkọ̀wé dání, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà. Àlàájì kò tíì dé.

Ajá mi rìn dáadáa. Ó dùbúlẹ̀ kíá, mo sì mọ ìdí. Nígbà tí mo pè é, ó sáré wá, àmọ́ ó dúró lójú ọ̀nà láti gbóòórùn bébà súyà kan, bí ẹni tí àkókò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i tí adájọ́ kọ nǹkan sílẹ̀. Ìjókòó nìkan ló kù. A ó fi ajá sílẹ̀ lójú kan, a ó rìn lọ sí etí okùn, a ó kọjú sí wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ajá tó bá dìde tàbí tó bá dùbúlẹ̀, ìwé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ajá ará Àlàbá dìde, ó lọ bá olówó rẹ̀. Tèmi jókòó, ojú rẹ̀ wà lára mi.

Ni mo gbọ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ tó ń kan ilẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọ̀pá náà dúró lẹ́bàá okùn, kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ sí mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gbọ́ ohùn yẹn ní àràárọ̀, ọdún mẹ́jọ náà ni mo ti ń kúnlẹ̀ fún un. Orúnkún mi kò bi mí léèrè; ó ti tẹ̀. Ní ọ̀ọ́kán mi, ẹsẹ̀ iwájú ajá yọ̀ síwájú, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Mo na ara mi ró bí òpó iná. Ajá dúró lágbedeméjì, kò jókòó, kò dùbúlẹ̀, ó ń wò mí bóyá mo mọ ohun tí mò ń fẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó sì jókòó.

"Ẹ káàárọ̀ sà," ni mo wí láìyí ojú padà. "Ẹ káàbọ̀ sà."

N kò kúnlẹ̀. N kò tilẹ̀ tẹ orí ba. Mo gbọ́ tí obìnrin kan lábẹ́ kánópì pòṣé, tó ní, "Ẹ wo obìnrin yìí, àgbàlagbà ń kí i!" Mo gbọ́ ọ̀pá Àlàájì tó ń lọ sí ibi àga. Nínú ìṣẹ́jú tó kù, ohun tí mò ń rò ni pé bí mo tilẹ̀ gba ìwé, mo ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ wá ìwé. Ta ló máa fi àyè gba ajá ayálégbé tó fi òun wọ́lẹ̀ lójú gbogbo èrò?

Adájọ́ gbé ọwọ́ sókè, ó ní àkókò ti pé. Máàkì mẹ́rìnléláàádọ́rin la gbà, ó sì fi ìwé ẹ̀rí lé mi lọ́wọ́. Ọ̀gá ń bọ̀ wá kí mi, n kò dúró dè é. Mo fa ajá, mo sáré lọ bá Àlàájì, mo fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ nínú eruku. Ajá náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ má bínú sà. Ẹ forí jì mí sà."

Àlàájì wo èmi, wọ́n wo ajá. "Mo bínú," ni wọ́n wí. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ní kí ni mo ṣe fún obìnrin yìí? Ìgbà tí mo jókòó ni mo tó rò ó. Ẹsẹ̀ rẹ tẹ̀, ajá náà fẹ́ dùbúlẹ̀. O nàró, òun náà jókòó padà. Ṣé torí ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Torí kó má bàa kúrò nílé mi, o gbà kí n bínú sí ọ?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e jìnnà sí ojú wọn, wọ́n kà á tán, wọ́n tún kà á. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá a padà fún mi.

"Ní Jímọ̀, so ó mọ́lẹ̀ títí n ó fi jáde."

Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé mi. Ajá tí mo máa so mọ́lẹ̀ ní Jímọ̀, kò lọ síbì kankan nìyẹn. Ẹkún gbọ̀n mí, ẹkún gidi, lójú Ọ̀gá, lójú adájọ́, lójú obìnrin tó pòṣé sí mi. Mo dì mọ́ ọrùn ajá lórí ilẹ̀, mò ń sunkún sí i létí.

Àlàájì ti gbé ọ̀pá wọn, wọ́n ti dìde. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kejì mi, ibi tí ajá kò sí, wọ́n sì wo oòrùn.

"Sọ fún un kó dìde," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."