Ọjọ́ Tí Gọ́tà Wa Mọ́

Òórùn ọ̀dà tútù máa ń rán àwọn ẹlòmíràn létí ilé tuntun. Ní tèmi, Pápá Àjàó ló máa ń gbé mi lọ, sí ilé iṣẹ́ kékeré kan tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń jó irin àti ti àwọn káfíńtà. Òórùn yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ irun, mọ́ aṣọ, mọ́ oúnjẹ tí èèyàn gbé wá láti ilé pàápàá. Bí mo bá padà sí yàrá tí mo háyà ní Yábàá nírọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé á ti yínmú kí n tó ṣílẹ̀kùn tán, á ní, "Ìyá ọlọ́dà ti dé o!" Ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ ló ráyè fi imú yẹ ẹlòmíràn wò.

Ṣùgbọ́n gọ́tà wa gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún ọ, nítorí gọ́tà yẹn lẹ́nu. Tá a bá ti po ọ̀dà pupa, dandan ni ká fọ ìkòkò ńlá tá a fi pò ó kí pupa má bàa wọnú funfun, inú gọ́tà iwájú ilé ni omi ìfọkòkò yẹn sì ń gbà lọ. Torí náà, gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tá à ń ṣe láìjẹ́ pé wọ́n yọjú sí wa. Wọ́n á bojú wolẹ̀, wọ́n á ní, "Búlúù ni wọ́n ń ṣe lónìí." Àwọn pẹ́ńtà tó ń rajà lọ́wọ́ wa kì í béèrè bóyá ọjà wà. Bí gọ́tà bá ti láwọ̀, ọjà wà nìyẹn. Kí n má parọ́ fún ọ, inú wa máa ń dùn sí i. Ilé iṣẹ́ wo ló tún ní pátákó ìpolówó tó ń ṣàn?

Obìnrin ni ọ̀gá wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ náà kú, àwọn mọ̀lẹ́bí ní kó ta ìkòkò àti ẹ̀rọ, kó máa bọ̀ nílé, obìnrin ò lè po ọ̀dà. Ó ń po ọ̀dà rẹ̀ lọ ní tiẹ̀. Ẹni tó dúró tì í lásìkò yẹn ni onílé tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, ìyá àgbà kan nínú ìjọ aláṣọ funfun, tó máa ń wá jókòó tì í nírọ̀lẹ́, tí wọn ò ní bára wọn sọ ju "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" lọ. Ìyá yìí ní kànga nínú àgbàlá rẹ̀. Omi kànga yẹn ló ń mu, òun ló sì fi ń fọ sùtánà tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Sùtánà náà funfun débi pé ó ń dunni lójú.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò rọ̀, ó tún rọ̀, kò mọ̀ pé àwọn èèyàn níṣẹ́ ṣe. Etí gọ́tà tó wà lápá ọ̀dọ̀ ìyá náà ti là tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó kọbi ara sí i. Omi kún, ó ya wọ àgbàlá, ó sì wọ kànga lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá náà wọlé tọ̀ wá wá. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn tẹ́ sùtánà sórí tábìlì ọ̀gá wa ni. Aṣọ náà ti di àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀fọ́.

"Àbúrò mi, bá mi wò ó," ó ní. "Ìjọ wo ló ń wọ èyí?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọ̀gá wa, mo sì gbé ẹ̀rín náà mì. Ọ̀gá ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Màá ra òmíràn."

"Aṣọ kọ́," ni ìyá náà wí. "Omi ni. Ṣé kí n má mu omi ilé mi mọ́ ni?"

A ò po ọ̀dà kankan lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá kó gbogbo wa jọ sábẹ́ páànù. Ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó ìkòkò, ọkùnrin tó lágbára lápá tó sì tún lágbára lẹ́nu, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mọ́mì, ta ni kì í dà á sí gọ́tà? Ṣé àwa la máa wá tún Èkó ṣe?"

"Rárá o," ni ọ̀gá wí. "Kànga kan péré ni mo fẹ́ tún ṣe." Ó wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi epo kan náà dín dòdò, kẹ́ ẹ tún fi dín ẹja, èwo lẹ máa kọ́kọ́ dín?"

Gbogbo wa ní, "Dòdò ni!"

"Ẹ̀hẹ́n. Kí ló wá dé tá a fi ń po pupa láàárọ̀, tá a tún ń po funfun lọ́sàn-án?"

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Funfun la ń kọ́kọ́ pò, ká tó kan àwọ̀ ẹyin, ká tó kan yẹ́lò, títí a ó fi dé àwọn àwọ̀ tó dúdú. Omi tá a fi fọ ìkòkò funfun, a ò dà á nù mọ́, a ń fi po àwọ̀ tó tẹ̀ lé e, èyí tó bá ṣẹ́ kù, a ń kó o sí dúrọ́ọ̀mù de ọjọ́ kejì. Ẹnu dùn ún ròfọ́, àbí? Omi tá a kó pa mọ́ báyìí nínú ooru yẹn, ó ń rùn bíi fùfú tó ti kan jù, ọ̀dà tá a fi pò sì bàjẹ́. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti kàn mí, kẹ́místírì ni mo kà níléèwé. Mo ń ṣí dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, mò ń gbóòórùn rẹ̀, mò ń kùn ún sára pákó wò, mo sì ń sọ èyí tá a gbọ́dọ̀ lò kíákíá. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá sì silẹ̀, a ń sá a gbẹ, a ń fi ṣe ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi kun ògiri. A fi sìmẹ́ǹtì di etí gọ́tà, a gbọ́n omi kànga ìyá náà títí omi tuntun fi sun.

Kò pẹ́ tí gọ́tà wa fi mọ́. Mọ́ tónítóní, ọ̀rẹ́ mi! O lè ka iye òkúta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwa ń yọ̀, àṣé àdúgbò ń ṣọ̀fọ̀ wa. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í já, kò sì yé wa. Garawa ọ̀dà to jọ títí ó fi fẹ́ kan àjà. Ọ̀gá wa sọ fún wa tààràtà pé tí ọjà kò bá lọ kí oṣù tó parí, òun á ti géètì. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ro ti owó ilé mi, mo tún ro ti obìnrin tí gbogbo ẹbí ọkọ rẹ̀ ti ní kò lè ṣe é.

Níjọ́ kan ni pẹ́ńtà kan tó ti jẹ́ oníbàárà wa tipẹ́ wọlé, ó ti ṣí fìlà kó tó dé iwájú ọ̀gá. "Mọ́mì, ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á fi èyí ṣòpin."

Ọ̀gá ta gìrì. "Ta ló kú?"

"Ilé iṣẹ́ yín mà ni. Gbogbo wa gbọ́ pé ẹ ti kógbá sílé, a ti wá ibòmíràn gbà lọ. Ẹ wo gọ́tà yín, Mọ́mì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́."

Ó yé wa wàyí. Inú wa kò tíì rọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n fi ní, "Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká da búlúù díẹ̀ sí i ní Mọ́ńdè. Díẹ̀ báyìí. Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé a wà láyé."

Má rò pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn nínú wa, ojú ọ̀gá ni gbogbo wa ń wò. Ó jáde, ó dúró létí gọ́tà. Láti ẹ̀yìn ògiri, a ń gbọ́ bí ìyá onílé ṣe ń fa omi, okùn ń han, garawa ń gbá ara kànga. Ọ̀gá dúró títí ìró yẹn fi dákẹ́.

"Ẹni tó bá da nǹkan kan sínú gọ́tà yìí," ó ní, "kó bá a ṣàn lọ." Ó kọjú sí pẹ́ńtà. "Lọ sọ fún wọn pé a ò kú. A wẹ̀ ni."

Lẹ́yìn ògiri la ti gbọ́ ohùn ìyá náà. "Àbúrò mi, ṣebí òkú náà ni wọ́n ń wẹ̀!"

"Òkú ni wọ́n ń wẹ̀, mà," ni ọ̀gá wa dáhùn. "Alààyè ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀."

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ yẹn, omijé wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, a fi ọ̀dà gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wa kun ògiri tó kọjú sí títì, Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ sì gun àkàbà, ó kọ ọ́ gàdàgbà: A Ò KÚ. A WẸ̀ NI. Àwọ̀ tá a bá pò lójúmọ́ la fi ń tún lẹ́tà náà kùn, kí ẹni tó ń wá búlúù lè gbójú sókè dípò kó máa wolẹ̀. Àwọn pẹ́ńtà wá fi wá ṣẹ̀sín, wọ́n béèrè ohun tó túmọ̀ sí, wọ́n sì rajà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà. Ṣùgbọ́n oṣù parí, géètì wà ní ṣíṣí.

Ilé iṣẹ́ ńlá ni mo wà báyìí, níbi tí wọ́n ti ń kó wa jọ sínú yàrá tútù láti sọ̀rọ̀ nípa àyíká. Wọ́n ń béèrè ohun tí ìjọba máa fi wá ṣe tí a kò bá dẹ́kun ìdọ̀tí, iye ọdún tí ìjọba lè fún wa ká tó dẹ́kun rẹ̀. Gọ́tà wa ni mo máa ń rántí. Ní Pápá Àjàó, kò sí ìjọba kankan tó wá wẹ̀ wá, kò sì sẹ́ni tó yìn wá nígbà tá a wẹ̀ tán. Ìdọ̀tí wa ni wọ́n fi ń mọ̀ pé a wà láàyè, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tún dọ̀tí kí wọ́n lè gbà pé a ò tíì kú.

Mo gba ibẹ̀ kọjá láìpẹ́ yìí. Yẹ́lò ni lẹ́tà ara ògiri, ọ̀dà tó wà lórí ọ̀dà ti mú kí wọ́n nípọn bí èèpo igi. Ìyá onílé jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú sùtánà rẹ̀, ó ti darúgbó gan-an, kò tètè dá mi mọ̀. Nígbà tó dá mi mọ̀, ó ní kí n jókòó, ó sì rán ọmọ ọmọ rẹ̀ pé kó bu omi fún mi nínú kànga. Mo mu ún tán, mo dá ife padà, mo ní kí wọ́n bù sí i.