Ìyá Wọ́dà Láàárín Ọmọ Ìyá Méjì

Ọdún méjìlélógún ni Ìyá Wọ́dà fi ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n kó tó di ajíhìnrere. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ṣọ́ọ̀ṣì rán an lọ sí ìjọ kékeré kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì, pé kó máa kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi, kó sì máa wá àwọn tó ti ṣáko lọ kàn. Obìnrin gíga tó sígbọnlẹ̀ ni. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ a máa sọ pé bí Màmá bá ní "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," àfi bíi pé ó fẹ́ ti èèyàn mọ́lé.

Mẹkáníìkì kan wà nínú wọn, géńdé tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò pa kíláàsì jẹ rí. Nígbà tí ìrìbọmi ku ọ̀sẹ̀ méjì, Ìyá Wọ́dà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í ní ohun tó máa ń bi gbogbo wọn.

"Ta lo ṣẹ̀ tí o kò tíì bẹ̀?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, Mà. Èmi ni mo fọ́ wọn lójú."

Ọ̀rọ̀ náà ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá wọn, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yìí kan náà ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ ilé tí ìyá fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbá àbúrò létí níṣojú gbogbo èrò. Àbúrò fa páìpù irin kan yọ lára àgọ́, ó là á mọ́ ọn lójú. Ẹ̀jẹ̀ ta sára aṣọ funfun àwọn akọrin. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n, tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, kò tẹsẹ̀ bọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

"Dìde, ká lọ," ni Ìyá Wọ́dà wí. "Omi ò gbọdọ̀ ṣáájú ẹ̀bẹ̀."

"Mà, wọ́n á pa mí o!"

"Èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ bá."

Káfíńtà ń kan ẹsẹ̀ mọ́ tábìlì nígbà tí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi ojú kan tó kù wo àbúrò rẹ̀. Ó ju òòlù sílẹ̀, ó fò mọ́ ọn, ó gbé e lu òkìtì pákó, ó jókòó lé e láyà. Ẹ̀ṣẹ́ ń bọ̀ bí òjò: ẹnu, imú, ẹ̀bá ojú. Eyín kan fò jáde, ó já sínú ìyẹ̀fun igi. Mẹkáníìkì tó ń dá ẹ́ńjìnnì gbé kò gbé ọwọ́ sókè. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n dè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́." Ẹ̀jẹ̀ ń hó lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ojú mi dà? Mo ní ojú mi dà!" Káfíńtà na ọwọ́ gán òòlù, ó gbé e sókè.

Ìyá Wọ́dà ti rí ìjà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ó sì mọ ìgbà tí ìjà bá ti kúrò ní ìjà tó di ikú. Ó sáré bọ́ síbẹ̀, ó na apá sáàárín àwọn méjèèjì. Òòlù balẹ̀ sí i. Egungun ró kẹ́ẹ́ bí igi gbígbẹ.

Kò ké. Ó fi ọwọ́ kejì gbá káfíńtà lẹ́wù mú. "Ó tó! Bí o bá pa á, ojú yẹn ò ní padà. Wọ́n á tì ọ́ mọ́ ibi tí mo ti jẹun ọdún méjìlélógún. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Kò sí pákó tí wàá fá níbẹ̀!"

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Ìyá Wọ́dà ti bá ara rẹ̀ wí. Ó yẹ kó kọ́kọ́ dá lọ. Àgbà wo ló ń gbé epo lọ síbi tí iná wà? Ní ọjọ́ kẹta, káfíńtà yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi ò wá nítorí tiẹ̀ o. Apá yín ni mo wá wò."

"Jókòó. Èmi náà jẹ̀bi. Mo bá ọ lójijì."

Kò jókòó. Ó wo símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi di apá náà. "Mà, kí ló dé tí kò lù mí padà?"

"Bi í."

Lọ́jọ́ ìrìbọmi, ojú mẹkáníìkì ṣì wú nígbà tó wọ inú omi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, ó ká apá láyà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló tó wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá. Bí ìsìn ti parí, àbúrò rìn lọ bá a, ó dọ̀bálẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò gbé ọwọ́ sókè?"

"Ẹ̀rù ọwọ́ mi ló ń bà mí, ẹ̀gbọ́n mi."

Káfíńtà wo ibi tí eyín ti yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Dìde nílẹ̀."

Títí di òní, wọn ò tíì jọ jẹun. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, àwọn méjèèjì ń wá, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, Ìyá Wọ́dà sì ń jókòó sáàárín wọn pẹ̀lú apá rẹ̀ tí kò tọ́ mọ́.