Ìrọ̀rí Ìyá Ọkọ Àbúrò Mi

Àbúrò mi tó ń rán tìmùtìmù kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń sọ tèmi, tí mo tún ń sọ tirẹ̀, torí ẹnu ni Ọlọ́run fi jíǹkí mi. Pálọ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: máṣíìnì lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì gígùn, fóòmù tí a tò kan àjà. Àmọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ń ránṣọ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Òwú ìránṣọ ló ní kí ọkọ rẹ̀ lọ bá òun rà tí mọ́tò fi gbá a. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí a ń pè ní Màmá, kò dárí ẹ̀ jì í láti ọjọ́ náà. Inú ń bí mi sí i, kí n má purọ́. Ta ni kì í rán ọkọ ẹ̀ níṣẹ́?

Nígbà tí a pín aṣọ olóògbé, ìborùn fífẹ̀ kan tó máa ń fi bo èjìká láàárọ̀ ni Màmá mú. Òun ló gbé wá bá wa lọ́jọ́ kan. Ó ní oorun ti kọ òun, ọrùn ń ro òun, kí àbúrò mi fi rán ìrọ̀rí gígùn roboto fún òun.

"Èyí nìkan ló kù lára ọmọ mi," ó wí. "Tí o bá bà á jẹ́, o pa á lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

Yéè! Ṣé irú ọ̀rọ̀ téèyàn ń sọ nìyẹn? Mo la ẹnu, àbúrò mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ìrọ̀rí pẹlẹbẹ ló mọ́ ọn lọ́wọ́: wọn ìbú rẹ̀, sọ ọ́ di méjì, torí iwájú àti ẹ̀yìn, ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sí fóòmù roboto tó mú fún ìrọ̀rí Màmá. Ó fi tẹ́ẹ̀pù lé ojú rẹ̀ kìrìbìtì tó wà ní ìpẹ̀kun, láti etí dé etí, ó jẹ́ íǹṣì mẹ́jọ. Ó sọ ọ́ di mẹ́rìndínlógún, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ìborùn, aṣọ sì kù dáadáa tí yóò fi bo ojú méjèèjì. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó ki etí aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Dúró," Màmá ní. "Ṣé o yí i po?"

"Mo ti wọ̀n ọ́n, mà."

"Mo ní, ṣé o yí i po?"

Àbúrò mi gbé ìborùn náà yí fóòmù po títí dé ibi ìlà tó fà. Aṣọ kò pàdé! Fóòmù yọ síta bí ikùn tí ẹ̀wù kò bò. Ó fi tẹ́ẹ̀pù yí i po: íǹṣì márùndínlọ́gbọ̀n, ó tún lé díẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀, ó sì lé! Ohun roboto kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn, gbogbo ara ló fi ń jẹ aṣọ. Ká ní ó ti gé e ni, omi ì bá ti tẹ̀yìn wọ̀gbín lẹ́nu.

Wàhálà kò tíì tán. Ara fóòmù nìkan gba gbogbo aṣọ, ojú méjèèjì wà ní ìhòòhò.

"Ẹ jẹ́ ká dín fóòmù kù," mo ní.

"Ọrùn mi ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ mìíràn bo ojú ẹ̀."

"Aṣọ ta ni? Aṣọ ọmọ mi ni mo ní kí ẹ rán!"

Àbúrò mi dìde, ó wọ yàrá. Mo rò pé ó lọ sunkún ni. Ó jáde pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, aláwọ̀ aró, tó ti rún. Èmi tí a jọ ń gbé, n kò mọ̀ pé ó wà. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó gbé fóòmù nàró lé e, ó fi ṣọ́ọ̀kì yí ìdí rẹ̀ po.

"Ṣebí o ní kò ku nǹkan kan?" Màmá bi í.

"Mo purọ́, mà. Abẹ́ orí mi ló máa ń wà lóru."

Mo ní ó parí, ìjà dé. Màmá fa ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e sí imú.

"O ò fọ̀ ọ́."

"Mi ò lè fọ̀ ọ́, mà."

Màmá tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà padà sórí tábìlì. "Ìwọ náà kì í sùn?"

Àbúrò mi mi orí pé òun kì í sùn. Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì, ó ká a, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Má gé e," ó ní. "Wá aṣọ yòówù bo ojú ẹ̀."

Àwọn méjèèjì kò sunkún. Èmi ni mo bú sẹ́kún.