Màmá Aláwo ní Terminus àti Orin Bàbá Rẹ̀

Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ kí i ló figbe ta: "Tashi! Don Allah, tashi!" Ó ń fi èdè Hausa bẹ̀ mí pé kí n dìde. Ife tó ń nù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́.

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ oníròyìn ní Jos, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń kí àgbàlagbà kí n tó bi wọ́n ní ìbéèrè. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló bí mi, ìkíni yẹn sì ti ṣí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn fún mi. Lọ́jọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kó tì í mọ́ mi.

Ará Ṣáínà ni obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ tó wá ṣiṣẹ́ ìwakùsà ló mú un wá sí Jos. Àwo ló ń tà ní ọjà Terminus, gbogbo ọjà ló sì ń pè é ní Màmá. Olóòtú mi ní kí n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nípa ìgbà tí àwọn aláṣẹ ilẹ̀ wọn tú àwọn ọ̀dọ́ síta láti ba ohun àtijọ́ jẹ́: tẹ́ńpìlì, ìwé, àwòrán, eré ìtàgé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣì wà lọ́hùn-ún nígbà náà, ẹ̀rù sì ń ba Màmá pé ọ̀rọ̀ òun lè kó o sí wàhálà. Àwọn méjèèjì ti di olóògbé báyìí. Ìdí nìyí tí mo fi lè sọ ọ́.

Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. "Bí o ṣe dojú bolẹ̀ yẹn," ó ní, "bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú bàbá mi dojú bolẹ̀."

Òṣèré tó ń kọrin lórí ìtàgé ni bàbá rẹ̀. "Àwọn ọ̀dọ́ náà so aṣọ pupa mọ́ apá wọn. Wọ́n kó aṣọ eré rẹ̀ síta, èyí tí màmá mi fọwọ́ ṣe iṣẹ́ sí lára, wọ́n dáná sun ún. Wọ́n ní kí gbogbo àdúgbò bú u."

"Ta ló bú u jù?"

"Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ilé wa ló ti ń jẹun."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?"

"Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo ń la ẹnu, mo ń pa á dé, n kò jẹ́ kí ohùn jáde."

Mo ti ròyìn rògbòdìyàn ní Jos. Mo mọ bí ariwo èrò tó ń bọ̀ ṣe máa ń rí. Mo rọra béèrè orin tí bàbá rẹ̀ máa ń kọ.

Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo fóònù mi tó ń gba ohùn. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n orin náà gòkè ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà. Orin dá. Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Màmá, sannu!" Àlàájà tó ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì ni. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ń kọrin? Wallahi, ẹ ní irú ohùn báyìí, ẹ wá ń fi í pamọ́ fún wa!"

"Rédíò ni," Màmá dáhùn.

"Rédíò wo? Kò síná láti àárọ̀!"

"Oníbátìrì ni."

Àlàájà rẹ́rìn-ín, ó lọ. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí fóònù mi. Mo pa ohùn náà rẹ́ níṣojú rẹ̀, ó sì ní kí n tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti lọ lóòótọ́.

Nínú ìròyìn tí mo fún olóòtú mi, mo kọ ọ́ pé wọ́n sun aṣọ òṣèré kan. N kò kọ ọ́ pé ọmọ rẹ̀ mọ orin náà.