Iyọ̀ Tí Àwọn Ewúrẹ́ Alhaja Yàn

Bí o bá gba iwájú ilé wa kọjá ní Lotto ní Mowe nígbà ẹ̀rùn ọdún yẹn, òórùn òkun ni yóò kọ́kọ́ kí ọ. Ìwọ náà mọ Mowe: eruku, sìmẹ́ǹtì tútù, pákó tuntun, èéfín ọkọ̀ láti ojú ọ̀nà márosẹ̀. Kò sí òkun nítòsí ibẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìnkùlé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kẹ́ẹ̀gì omi òkun tò sí ìdí ògiri, àwo gíláàsì mẹ́ta sì ń dán yanran nínú oòrùn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, òórùn iyanrìn etíkun àti ẹja tútù á gba gbogbo àdúgbò, ìyá mi á sì sáré ti fèrèsé yàrá wọn pa. Èmi ni mo kó gbogbo rẹ̀ wálé, inú mi sì ń dùn sí i láràárọ̀.

Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì nígbà náà, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta ni mò ń kọ́. Olùkọ́ wa fẹ́ mú àwa díẹ̀ lọ sí àfonífojì Odò Bẹ́núè, níbi tí omi iyọ̀ ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀, tí àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ń sè é di iyọ̀ láti ayé àwọn ìyá ńlá wọn. Òkun ìgbàanì kan ti wọ ibẹ̀ rí, kí ènìyàn kankan tó wà láyé. A fẹ́ lọ bu omi náà, ká yẹ àwọn èròjà inú rẹ̀ wò, ká lè mọ̀ bóyá iyọ̀ òkun yẹn ló ṣì wà nísàlẹ̀. N kò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Bàbá mi sì kọ̀ jálẹ̀.

"Iyọ̀?" ni wọ́n wí. "Iyọ̀ tó kún ọjà Ibafo fọ́fọ́? Òun lo fẹ́ lọ wá dé Bẹ́núè?"

"Dádì, iyọ̀ òkun àtijọ́ ni."

"Òkun! Ní Bẹ́núè!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Má rò pé ènìyàn líle ni bàbá mi o. Fèrèsé alumíníọ̀mù ni wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ibafo, lásìkò tí àwọn ènìyàn ń ya kúrò ní Èkó wá kọ́lé sí Magboro àti Mowe, tí ilé tuntun ń yọ níbi gbogbo. Ohun tí wọ́n bá lè fọwọ́ kàn, tí wọ́n lè na téèpù lé, òun ni wọ́n gbà gbọ́. Ọ̀nà jíjìn sì ń bà wọ́n lẹ́rù, èmi nìkan sì ni ọmọbìnrin tí wọ́n bí. Nígbà tí mo yọ wọ́n lẹ́nu títí, wọ́n ní, "Ó dáa. Bí òkun ṣe ń di òkúta, fi hàn mí níbí. Bí mo bá fi ojú ara mi rí i, kí o máa lọ."

Mo ní mo nílò àwo tí oòrùn lè ràn dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gé gíláàsì tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ oníbàárà, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù fèrèsé lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí wọ́n ń kùn bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ tó gbé fèrèsé lọ sí Ajah ló bá mi pọn omi òkun bọ̀. Ìyá mi, tó jẹ́ díkónẹ́ẹ̀sì, di orí mú. "Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á ní mo ti ń fi omi òkun wẹ̀." Kò pẹ́ tí arábìnrin kan láti ìjọ wa fi yọ́ wá pẹ̀lú ìgò lábẹ́ ìborùn, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bu díẹ̀ fún òun, kí pásítọ̀ má sì gbọ́. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì bu ún fún un.

Òkun kì í sọ gbogbo ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí oòrùn ṣe ń fa omi rẹ̀, ohun tí omi kò bá lè gbé mọ́ ló kọ́kọ́ ń jábọ́. Nínú àwo kìíní, ohun funfun kan rọ̀ sílẹ̀ sí ìdí rẹ̀ bí ẹfun, kò dùn, kò korò. Mo da omi tó ṣẹ́kù sínú àwo kejì, ibẹ̀ ni iyọ̀ gan-an ti hù, onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, bí ẹni pé bàbá mi ló gé e. Mo da ìyókù sínú ẹ̀kẹta. Ìyẹn ki bí òróró, ó korò bí ewúro, kò sì gbà láti gbẹ, nítorí ṣe ló ń fa omi inú atẹ́gùn mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkun ìgbàanì tí ọ̀nà rẹ̀ dí ṣe ń gbẹ sínú ilẹ̀, ìpele lórí ìpele. Èròjà kan tilẹ̀ wà tó ń jẹ́ bromini, tí kì í fẹ́ wọ inú iyọ̀, inú omi kíkorò ló ń sá sí. Bí a bá wọn ìwọ̀nba tó ráyè wọ inú iyọ̀ òkúta, a ó mọ bí omi òkun náà ṣe kù tó nígbà tí iyọ̀ ń dì. Mo máa ń kúnlẹ̀ ti àwo wọ̀nyẹn ní òwúrọ̀, tí n ó máa rẹ́rìn-ín fún ara mi.

Ọjọ́ Ajé ni olùkọ́ wa máa gba orúkọ àwọn tó ń lọ. Bàbá mi ní àwọn á wá wò ó lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú rẹ̀, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Bí a ṣe ṣí géètì, mo gbọ́ tí nǹkan ń lá gíláàsì. Àwọn ewúrẹ́ Alhaja tó wà ní ilé kejì ti gba inú ọgbà tó ya wọlé, wọ́n sì ti ki orí bọ inú àwo kejì. Mo fi bàtà ṣọ́ọ̀ṣì sáré, mo pariwo, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Iyọ̀ mi ti wọ ikùn ẹran, àyàfi díẹ̀ tó há sí igun. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun mi, mo bú sẹ́kún bí ọmọdé.

"Dákẹ́ ná," ni bàbá mi wí.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ síwájú àwo. Ewúrẹ́ kan tí mo lé kúrò nídìí iyọ̀ ti ẹnu bọ àwo kẹta. Ó gbọn orí, ó sín, ó yọ ètè sókè. Ó gbóòórùn àwo kìíní, ó kọ̀ ọ́, ó sì padà sídìí èyí tó ti lá tán. Bàbá mi fi ìka kan àwo kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi sẹ́nu. Èyí tó korò mú kí wọ́n dijú pọ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti ewúrẹ́ náà.

"Omi kan náà ni gbogbo èyí ti wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì."

"Èyí tí kò ní adùn yìí ńkọ́?"

"Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe pí-ó-pì, Dádì. Pí-ó-pì àjà ilé."

Wọ́n dìde fìrì. Kò sí ilé tí wọ́n ti ń de fèrèsé nígbà yẹn tí kò ní pí-ó-pì lókè. "O ní òkun ló wà lórí gbogbo àwọn oníbàárà mi?" Ẹ̀rín mú wọn débi pé wọ́n di etí kànga mú.

Ìgbà náà ni Alhaja sáré wọlé, ọmọ Ifọ̀, ìyá oníyọ́nú. "Yéè! Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Aláìgbọràn ni wọ́n!"

"Alhaja, ẹ má bẹ̀ mí. Ọmọ mi sọ ọ́ títí, kò yé mi. Àwọn ewúrẹ́ yín ò sọ nǹkan kan, ó yé mi."

"Háà, ewúrẹ́ tèmi mọ ohun tó dáa o. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fa omi tí wọ́n máa mu báyìí?"

Àwa náà ni. Gbogbo ọ̀sán la fi fa omi kànga fún ewúrẹ́, ìyá mi pẹ̀lú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì lórí, bàbá mi ń bi mí ní ìbéèrè lórí ìbéèrè. N kò rò pé mo tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ Ajé, orúkọ mi wọlé.

Mo dé Bẹ́núè. Mo fi ìka kan omi tó ń sun láti inú ẹrẹ̀, mo fi sẹ́nu, mo sì rántí ẹ̀yìnkùlé wa. Àwọn obìnrin tó ń sè é fún mi ní ìṣù iyọ̀ méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ewúrẹ́ Alhaja, ọ̀kan jẹ́ ti bàbá mi. Bàbá mi gé gíláàsì, wọ́n kan àpótí kékeré fún tiwọn, wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí i yíká kí atẹ́gùn má baà yọ́ ọ, wọ́n sì gbé e sáàárín àwọn fèrèsé àfihàn ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà tó bá wá bèèrè fèrèsé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn òkun tó gbẹ. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi pé ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ rí òkun náà. N kò tún un ṣe fún wọn rí.

Iṣẹ́ òkúta ni mò ń ṣe títí di òní. Bàbá mi ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, àpótí náà sì wà ní pálọ̀ wọn. Nígbà tí mo délé kẹ́yìn, mo gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Òjò ọ̀pọ̀ ọdún ti rọ̀ sórí Mowe, iyọ̀ náà ṣì gbẹ táútáú. Tẹ́lẹ̀, mo gbà pé àwọn ewúrẹ́ ló bá mi gba àyè lọ́wọ́ bàbá mi. Bí mo ṣe ń fi ọwọ́ tọ etí gọ́ọ̀mù yẹn, mo rántí àwo mẹ́ta tí wọ́n jókòó ṣe fún mi, tí wọ́n ń kùn, tí omi kan kò sì jò nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gé gíláàsì yẹn ni wọ́n ti ní kí n máa lọ.