Ọsàn Tó Gba Eyín Làmídì Là

Ọjọ́ tí Làmídì gé búrẹ́dì jẹ, tí ibi tó gé pọ́n wẹ̀ẹ̀, jáàmù ni mo pè é. Mo tilẹ̀ ní kó bù fún mi. Àṣé ẹ̀jẹ̀ erìgì rẹ̀ ni.

Àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ alábàárù ni mò ń sọ. Ọsàn kíkà niṣẹ́ mi lọ́jà èso ní Kétu. Bí lọ́rì bá ti já ọsàn sílẹ̀, èmi ni mo ń kà á márùn-ún márùn-ún fún oníbàárà. Ọwọ́ mi yá débi pé oníbàárà á ti dé Gbàgádà kí ọsàn tí mo jù kẹ́yìn tó balẹ̀.

Làmídì ń ru àlùbọ́sà ní Mile 12, ilé kan náà la sì ń gbé ní Ìkòsí. Inú ríro ló kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, ló bá sá fún ata, ó sá fún ẹ̀fọ́, ó sá fún èso. Búrẹ́dì àti tíì ló fi gbé ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá dúdú bí ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n nà, eyín iwájú rẹ̀ ń mì. Bẹ́ẹ̀ yìgì òun àti Sìdíkátù, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́.

“Bàbá Ọlọ́sàn,” ó ní, “mo fẹ́ ránṣẹ́ sí Sìdíkátù kó wá ọkọ mìíràn. Wọ́n ti sà sí mi.”

“Ta ló sà sí ẹ? Àlùbọ́sà?”

Mo wọ́ ọ lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wo ẹnu rẹ̀, ó bi í ní ohun tó ń jẹ, ó ní àrùn tí wọ́n ń pè ní síkọ́fì ni.

“Fítámì C ni ara yín ò rí,” nọ́ọ̀sì ní. “Òun ló ń jẹ́ kí ẹran ara dì mọ́ra. Tí ò bá sí, erìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀, egbò ò ní jinná, eyín á yọ. Ara ò lè dá a ṣe, inú oúnjẹ ló ti ń rí i. Ẹ lo oògùn yìí, kẹ́ ẹ máa jẹ ọsàn lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má sè é o, iná ń pa fítámì náà.”

Nígbà tá a délé, Làmídì kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò ní jẹ ọsàn. Ìgbàgbọ́ àwọn alábàárù ni pé ohun kíkan ń gba agbára ìbàdí ọkùnrin.

“Tí eyín bá dúró tí ìbàdí ò dúró ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún Sìdíkátù?”

Mo fara balẹ̀, mo purọ́ tó láṣọ lára. Mo ní agbọ̀n ọsàn kan ni bàbá bàbá mi ń jẹ láàárọ̀. Ìyàwó mẹ́jọ ló ní, ìkẹjọ sì sá lọ, ó ní arúgbó ò jẹ́ kóun sùn.

“Ẹ búra.”

“Ṣé nítorí ọsàn ni kí arúgbó bíi tèmi máa búra? Gba ọ̀bẹ.”

Ó bó o, ó jẹ ẹ́, ó sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Kò pẹ́ rárá, ẹ̀jẹ̀ dá! Erìgì rọlẹ̀, eyín ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èmi ń yan kiri ọjà bí ẹni pé èmi ni mo dá ọsàn. Lọ́jọ́ yìgì, Làmídì fọ́ eegun àgbò lẹ́nu, ìró rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn àna.

Nígbà tí Sìdíkátù bí ìbejì, àwọn alábàárù tò síwájú mi.

“Bàbá Ọlọ́sàn, èwo ni ti ìbàdí nínú ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀ ni,” mo ní. “Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni o. Tẹ́ ẹ bá sì sè é, kò níí jẹ́.”