Kòtò Ẹ̀yìnkùlé Àkànbí ní Ìsundunrin

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo ti gun kẹ̀kẹ́ mi kúrò ní Ẹ̀jìgbò, mo dorí kọ Ìsundunrin. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mò ń ṣe: mà á wo ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, mà á wò ó bóyá wọ́n ti gbẹ́ ṣáláńgá tàbí igbó ni wọ́n ṣì ń lọ. Baálé kan, Àkànbí, ti ṣèlérí pé tòun á ti parí kí n tó padà wá. Mi ò gbà á gbọ́.

Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, níbòmíràn èmi ni mo gbé kẹ̀kẹ́. Mo ra àkàrà kọ́bọ̀ kan jẹ. Ọkùnrin kan tó ti Àbíjá, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, dé kí mi ní "bọ́ńjúù", bí wọ́n ṣe ń kí ni láàárọ̀ lọ́hùn-ún, ó sì bi mí ní ilé tí mò ń lọ. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ. Ìfura loògùn àgbà.

Ní Abẹ́òkúta tiwa, èébú ni wọ́n fi ń pàdé wolé-wolé. Níhìn-ín, wọ́n á kí ọ, wọ́n á fún ọ ní ìjókòó àti omi tútù. Ìyẹn ló ń fu mí lára jù.

Àkànbí kí mi títí.

"Kòtò dà, bàbá?"

Ó ń wo ilẹ̀. "Ara ìyá mi ni ò yá, ọ̀gá wolé-wolé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn ná."

Ilé wo ni mo wọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn tí wọn ò ti sọ pé ara ẹnì kan ò yá? Mo ní àwáwí ni. Mo mú igi, mo fa ìlà kòtò náà sí ẹ̀yìnkùlé, ó gùn, ó rí tóóró, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ni àwọn obìnrin ilé bá figbe ta. Ọ̀kan fi ẹsẹ̀ pa ìlà náà rẹ́.

Ohùn Àkànbí ń gbọ̀n. "Inú agboolé wa níbí la ń sin òkú wa sí. Ìyá mi wà lórí ẹní, ẹ wá ń wọn sàréè!"

Síbẹ̀ mo ní àfi kí n fojú ara mi rí ìyá náà. Wọ́n mú mi wọlé. Arúgbó kan ni mo bá tó ti rù kan eegun. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ló ń ṣe é, ó sì ti ṣubú lọ́nà igbó. Àánú ṣe mí gidigidi.

"Ìwọ lò ń wọn ilẹ̀? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Èmi ni, ìyá. Ẹ má bínú." Mo ṣàlàyé: kòtò jíjìn, pákó lórí rẹ̀, ọgbà yí i ká, kò ní jìnnà sí yàrá wọn, eṣinṣin ò sì ní ti ibẹ̀ wá bà lé oúnjẹ.

Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Àkànbí, gbẹ́ ẹ fún mi. Àmọ́ kó rí roboto bí ẹnu kànga. Òkú ta ni wọ́n ń sin ní roboto?"

Àkànbí bú sẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sí i lójú. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọkọ́. Kí n tó kúrò, kòtò ti mù ún dé ìbàdí.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé, ẹrẹ̀ kún ṣòkòtò mi. Ìyàwó mi bi mí bóyá wọ́n tún parọ́ fún mi. Mo ní rárá. Ohun tí ìrìn náà kọ́ mi ni pé ẹni tó ń purọ́ àti ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń wò.